Bàbá Norway, Ẹni Tó Máa Ń Dìde Jáde

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan Bàbá Norway fúnra wọn, tàbí tó kan ẹnikẹ́ni tó bá wọn tan, wọ́n á dìde. Kì í ṣe pé inú ń bí wọn o. Wọ́n á fara balẹ̀ de bọ́tìnnì kóòtù wọn, wọ́n á mú fìlà, wọ́n á ní, "Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí," wọ́n á sì jáde kúrò nínú yàrá. Ẹ ó parí ohun tí ẹ bá ń sọ kí wọ́n tó wọlé padà. Bàbá tó bí màmá mi ni wọ́n. Oṣù mẹ́ta rèé tí wọ́n ti kú ní Salford. Inú ilé kan náà ni èmi ọmọ ọmọ wọn wà nígbà tí ẹ̀mí bọ́ lára wọn, ṣùgbọ́n mi ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí nìyẹn. Bí ẹ bá ń wá ìwé tó yin òkú láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ lọ wá èyí tí wọ́n kà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí Bàbá kọ́kọ́ dé sí Manchester, ilé màmá mi ní Longsight ni wọ́n wọ̀. Èmi náà ò tíì lò ju oṣù mẹ́rin lọ tí mo ti Ìbàdàn dé. Yàrá méjì péré ló wà lókè, orúnkún Bàbá ò sì fẹ́ràn àtẹ̀gùn, ni èmi àti màmá mi bá jókòó pé ká wò ó bóyá kí n kúrò ní yàrá mi fún wọn, tàbí ká tẹ́ ibùsùn sí pálọ̀. A ò tíì sọ gbólóhùn mẹ́ta tí Bàbá fi dìde. A rò pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Nígbà tí a parí ọ̀rọ̀, a wá Bàbá títí, a ò rí wọn. Mo gbé agboòrùn, mo jáde, mo bá wọn ní ibùdókọ̀ Stockport Road, òjò ti rin fìlà wọn, àwọn àti bàbá arúgbó ará Pakistan kan jọ ń jiyàn lórí owó bọ́ọ̀sì.

Mo ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé, a ti parí. Wọ́n bi mí pé kí la pinnu. Mo ní pálọ̀ ni. Wọ́n ní ìbò mélòó sí mélòó? Èmi àti màmá mi nìkan la wà níbẹ̀ o, ẹ wo ìbéèrè. Mo ní méjì sí òdo.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Kò ní sẹ́ni tó máa sọ pé mo fipá gba pálọ̀."

Mi ò fẹ́ to ìtàn ayé wọn láti ìgbà tí wọ́n ń rá kòrò, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tó máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi yé yín. Ọmọ Ìkìrun ni Bàbá. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, wọ́n ríṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Norway kan tó máa ń wá sí Àpápá, wọ́n sì bá ọkọ̀ náà lọ. Ìlú kékeré kan létí òkun ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí, ìlú òjò àti ẹja. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé ẹja ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, wọ́n di aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ òṣèlú apá òsì ti rí wọn. Àwọn wọ̀nyí ló máa ń jà pé kí olówó san owó orí tó nípọn, kí ìwòsàn má gbówó lọ́wọ́ aláìsàn, kí àgbàlagbà má sì ráre. Wọ́n fi Bàbá ṣe kánsẹ́lọ̀, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí orí wọn fi funfun. Màmá àgbà, ìyàwó wọn, wá bá wọn lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ màmá mi dàgbà kó tó padà sílé lọ fẹ́ bàbá mi. Yorùbá nìkan ni wọ́n ń sọ nínú ilé. Nígbà tí Bàbá kọ̀wé sílé pé àwọn ti wọ ẹgbẹ́ apá òsì, ẹ̀gbọ́n wọn l'Ìkìrun fèsì pé kí ló ṣe ti ọwọ́ ọ̀tún, àbí wọn ò kọ́ ọ nílé pé a kì í fọwọ́ òsì gba nǹkan?

Àṣà ìṣèlú ibẹ̀ ni pé gbogbo ẹni tí wọ́n bá dìbò yàn ló ní adelé. Bí ẹni náà bá ṣàìsàn, tàbí tí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ bá kan ẹbí rẹ̀, á dìde, adelé á wá jókòó sórí àga rẹ̀. Adelé ni Bàbá jẹ́ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n lò níbẹ̀, nígbà tí aṣòfin kan lọ ṣiṣẹ́ abẹ. Ìròyìn dé Ìkìrun, àwọn èèyàn wa ò gbọ́ ti adelé rárá. Wọ́n ṣe kàlẹ́ńdà, wọ́n lẹ fọ́tò Bàbá mọ́ ọn, wọ́n kọ "Sẹ́nétọ̀" sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Wọ́n fi ogún ẹyọ ránṣẹ́ sí Norway. Bàbá mú bírò, wọ́n fagi lé Sẹ́nétọ̀ lára gbogbo ogún ẹyọ náà, wọ́n kọ "Adelé" sí i. Ọ̀kan ṣì wà lọ́wọ́ màmá mi. Mo bi wọ́n nígbà kan pé ṣé inú wọn ò dùn sí irú oyè bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní, "Àga oníàga ni mo jókòó sí. Kò tíì móoru tí mo fi dìde."

Ojú máa ń tì mí bí a bá jọ lọ sí ọjà Longsight. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí ó ń dùn mí báyìí. Ìyá Ṣẹ́gun ni obìnrin tí a máa ń ra panla lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá á mú panla gbígbẹ lọ́wọ́, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á sọ erékùṣù tí wọ́n ti sá a fún un. Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀. Ta ló gé e? Èló ni wọ́n ń san fún ọmọbìnrin tó gé e ní wákàtí kan? Ṣé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà nílé iṣẹ́ náà? Èrò á ti tò sẹ́yìn wa. Lọ́jọ́ kan, ó sú Ìyá Ṣẹ́gun. Ó káwọ́ lérí, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹja lẹ fẹ́ rà ni, àbí ẹ fẹ́ bá a ṣèpàdé?" Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Èmi ti rìn síwájú, mo ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan, mò ń wo aṣọ tí mi ò ní rà. Wọ́n rọra tẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú orí panla nínú ọ̀rá. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn ní, "Àdùkẹ́, ẹja yìí rìn jìnnà ju àwa méjèèjì lọ."

Lórí ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́fà kan ni mo ti bá Bàbá jà.

Ilé iṣẹ́ kan ló mú èmi àti àwọn ọmọbìnrin márùn-ún wá láti Nàìjíríà láti máa tọ́jú àwọn arúgbó. Nígbà tí a dé, kò síṣẹ́. Lónìí wọ́n á ní ká lo wákàtí mẹ́ta, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wọn ò ní pè wá. Nígbà tó yá, ìjọba gba ìwé àṣẹ tó fi ń mú òṣìṣẹ́ wọ̀lú lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì kọ̀wé sí wa pé bí a ò bá rí ẹlòmíì tó máa gbà wá láàárín oṣù méjì, físà wa ti tán, ká máa lọ sílé. Ẹ wo ẹni tó ta ilẹ̀ kó tó rówó wá. Gbogbo wa wá sí pálọ̀ Bàbá. Bàbá gbọ́ ẹjọ́ wa, wọ́n bi wá ní ìbéèrè, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wọn dára, ọwọ́ ìkọ̀wé wọn sì mọ́ bí ti olùkọ́ àtijọ́. Wọ́n kọ lẹ́tà fún àwọn márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹjọ́ tirẹ̀, sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, sí aṣòfin àdúgbò, sí àwọn ilé ìtọ́jú tó ń wá òṣìṣẹ́. Nígbà tó kan èmi, wọ́n ká ìwé mi, wọ́n fi sínú àpò, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ sí Eccles, sọ́dọ̀ tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, pé kó bá mi kọ tèmi. Tíṣà ti lọ kí ọmọ rẹ̀ nílùú Scotland. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ìwé mi fi wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Àwọn márùn-ún ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìpè. Èmi ń ka ọjọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo wọ pálọ̀, mo gbé ohùn sókè sí bàbá tó bí ìyá mi. Mo ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mi ò tilẹ̀ sọ pé tótó ó ṣe bí òwe. Màmá mi gbọ́ láti ilé ìdáná, kò dá mi lẹ́kun, èyí sì yẹ kó kọ́ mi lọ́gbọ́n pé ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀ kí n tó dé. Bàbá jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn.

"Bí mo bá kọ tìrẹ," ni wọ́n wí, "lẹ́tà àwọn márùn-ún yòókù á di ọ̀rọ̀ ẹbí. Kò ní sẹ́ni tó máa kà á mọ́."

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí oṣù méjì pé nígbà tí ilé ìtọ́jú kan ní Salford gbà mí, lẹ́tà tíṣà ló sì ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí ìbínú ṣe ń lọ, ìyanu ló ń wọlé. Mo ń sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ mi pé ẹ wo bàbá tí kì í ṣe ojúsàájú fún ọmọ tirẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n yangàn. Ibẹ̀ ni àrùn dídìde jáde yẹn ti ràn mí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wá sí ilé wa nígbà náà á rò pé àlàáfíà wà láàárín Bàbá àti màmá mi. Láràárọ̀, màmá mi á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Bàbá á súre fún un. Ó parí nìyẹn di ọjọ́ kejì. Á gbé oúnjẹ fún wọn, á to oògùn wọn, á fọ aṣọ wọn, á lọ sẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ nílé ìwòsàn. Kò jókòó tì wọ́n rí. Ó pẹ́ kó tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi, ìgbà tí mò ń yin Bàbá lórí ọ̀rọ̀ lẹ́tà ló sì sọ ọ́. Ó ní kí n dákẹ́, mi ò mọ ohun tí mò ń yìn.

Ọdún kẹfà rèé báyìí tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu Màmá àgbà, wọ́n sì wà nílé ìtọ́jú tó wà lórí òkè nílùú wọn lọ́hùn-ún, Bàbá á máa fẹsẹ̀ rìn lọ wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Àìsàn náà gba èdè Norway lẹ́nu Màmá àgbà pátápátá. Yorùbá nìkan ló kù. Ni Bàbá bá kọ àwọn ọ̀rọ̀ kan sórí ìwé, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ibùsùn: omi, ó ń dùn mí, òtútù, ó tó. Wọ́n kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn ọmọbìnrin òyìnbó yẹn kọ́ ọ. Màmá mi ní òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bi Màmá àgbà léèrè, "Ó tó?" tí Màmá àgbà sì rẹ́rìn-ín.

Kánsù wá ní owó ò sí, àwọn fẹ́ ti ilé náà pa. Ẹgbẹ́ Bàbá ò fara mọ́ ọn. Wọ́n ka orí títí, wọ́n rí i pé pẹ̀lú ìbò Bàbá, iye kan náà ló wà lọ́tùn-ún lósì, ìbò olórí kánsù tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ wọn ló sì máa là á. Akọ̀wé kánsù alára sọ fún Bàbá láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé pé òfin ò ní kí wọ́n jáde. Ó ní ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú ni, nílùú kékeré báyìí, ta ni ò ní ẹbí nínú ilé yẹn? Àwọn ẹgbẹ́ wọn bẹ̀ wọ́n. Màmá mi, tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Manchester nígbà náà, ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó ti wọ bàálù lọ, ó jókòó sí ibi tí ará ìlú máa ń jókòó sí lẹ́yìn. Wọ́n pe ọ̀rọ̀ náà. Bàbá de bọ́tìnnì kóòtù wọn. Wọ́n ní ìyàwó àwọn ló ń sùn níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kan àwọn. Wọ́n jáde. Erékùṣù kejì ni adelé wọn ń gbé, atẹ́gùn ò sì jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi sọdá lọ́jọ́ náà. Àga wọn ṣófo. Ìbò kan ni wọ́n fi ti ilé náà pa.

Ìlú mìíràn ni wọ́n gbé Màmá àgbà lọ, ìrìn wákàtí méjì nínú ọkọ̀. Ìwé ara ògiri sọnù nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù. Bàbá ò lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ mọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Màmá mi ní nígbà tí òun pe ibẹ̀ lórí fóònù, nọ́ọ̀sì ń sọ pé màmá kàn ń pariwo ṣáá, àwọn ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́, ó sì gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lẹ́yìn tó ń tọrọ omi. Òun ló ní kí nọ́ọ̀sì fún wọn lómi, láti Manchester. Màmá àgbà kú kí òjò dídì tó yọ́ tán.

Níbi ìsìnkú, màmá mi sọ̀rọ̀ sí bàbá rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ní Yorùbá, kí àwọn òyìnbó má bàa gbọ́. Ó ní, "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin fi sí ti gbogbo ayé, ẹ fi ìdí ìyá mi sílẹ̀ lásán." Bàbá ò díje dupò mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọdún méjì ni wọ́n dá gbé kí màmá mi tó lọ mú wọn wá, torí ó ní bàbá ẹni ni bàbá ẹni í jẹ́.

Mo bi Bàbá nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìdáhùn tí mo gbà ò ju gbólóhùn kan lọ. "Bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bá ń jókòó tì í, Àdùkẹ́, láìpẹ́ olówó nìkan ni ọ̀rọ̀ á máa kàn." Mo gbà á gbọ́. Ó dà bí ọgbọ́n létí mi. Ọgbọ́n náà ni, ibi tí wọ́n ti lò ó ni kò yẹ.

Ọdún tó kọjá ni ọpọlọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ lọ, èdè Norway tẹ̀lé e, bí ó ṣe ṣe Màmá àgbà gẹ́lẹ́. Wọ́n tan gáàsì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí kò ṣeé ṣe mọ́, àwọn kánsù ìhín bá wa wá ibùsùn, ilé ìtọ́jú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Salford ni ibùsùn náà sì wà. Màmá mi dọ̀bálẹ̀ fún Ọlọ́run ní pálọ̀, obìnrin tó ń dọ̀bálẹ̀. Ó ní ó kéré tán, ti Bàbá ò ní rí bíi ti ìyá òun, ẹni tó gbọ́ èdè wọn á wà níbẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi Bàbá sí. Òkè ni èmi ti ń ṣiṣẹ́. Máníjà wa, obìnrin ará Salford kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ dọ́gbọ́n, pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní ṣé kí òun gbé mi wá sísàlẹ̀, kí n máa tọ́jú bàbá mi, èmi ni mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo dúró ṣánṣán. Mo ní rárá. Mo ní ẹbí mi ni, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, àwọn ẹbí àwọn arúgbó yòókù á ní mò ń ṣe ojúsàájú. Ó wò mí. Ó ní kò sí òfin tó ní kí n má ṣe é, ó ní kí n lọ rò ó. Mi ò rò ó. Orí mi ti wú. Mo dábàá Túndé fún un, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun náà gbọ́ Yorùbá, kì í sì í ṣe ẹbí wa. Ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀ ni Túndé ń ṣe ní ìsàlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin yòókù, kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀, Ọlọ́run ló mọ ohun tí Bàbá ń tọrọ lọ́wọ́ wọn.

Mo sáré lọ sọ fún Bàbá. Kí n má purọ́, ìyìn ni mo lọ gbà. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ní kí n wá máa tọ́jú yín, mo ní rárá, mo ní ọ̀rọ̀ náà kàn mí." Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọn ò fi í sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ta ló wá máa wà níbí?" ni wọ́n bi mí.

Mo ní Túndé ni. Wọ́n kọjú sí fèrèsé. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ náà ò yé wọn, pé ọpọlọ ló ti ń lọ. Ó yé wọn. Ó ti yé wọn tipẹ́ kó tó yé mi. Mi ò sọ fún màmá mi pé wọ́n fi ipò náà lọ̀ mí. Mo jẹ́ kó máa rò pé bí ilé iṣẹ́ ṣe pín wa nìyẹn. Bí iṣẹ́ mi bá parí, mo máa ń bọ́ aṣọ iṣẹ́, màá wọ kóòtù, màá lọ sẹ́nu ọ̀nà lọ kọ orúkọ mi sínú ìwé àlejò bíi ti gbogbo èèyàn, kí n tó wọ yàrá wọn fún ìdajì wákàtí. Mo rò pé mò ń ṣe dáadáa.

Ọjọ́rú kan ni, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́sàn-án. Mò ń fún màmá kan ní tíì lókè, nígbà tí Túndé sáré gòkè wá. Ó ní Bàbá ń pè mí, ara wọn ò yá, nọ́ọ̀sì ti pe dókítà, kí n sọ̀kalẹ̀. Mo ní aago mẹ́rin ni ìsinmi mi, kó sọ fún wọn pé mò ń bọ̀.

Túndé ò kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní, "Àdùkẹ́, bàbá rẹ ni."

Mo ní, "Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n dúró díẹ̀ nìyẹn."

Ó sọ̀kalẹ̀. Èmi fún màmá yẹn ní tíì wọn tán, mo nu ẹnu wọn, mo tún ibùsùn méjì ṣe. Ní aago mẹ́rin, mo sọ̀kalẹ̀, mo wọ kóòtù mi, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo kọ orúkọ mi sínú ìwé àlejò. Àní mo kọ aago tí mo dé síbẹ̀. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, Túndé ti ṣí fèrèsé, ó dúró tì wọ́n, ó ṣì di ọwọ́ wọn mú. Ó ní wọ́n ti lọ, kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo jókòó sílẹ̀. Nígbà tó yá, Túndé ní Bàbá fi iṣẹ́ rán òun sí mi, ṣùgbọ́n kò yé òun. Mo ní kó jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó ní wọ́n ní, "Sọ fún un kó wọlé. Sọ fún un pé kò yẹ kí n ti jáde lọ́jọ́ yẹn." Túndé bi mí pé ọjọ́ wo ni, ṣé wọ́n ti sá jáde nínú ilé rí ni. Mo na ọwọ́, mo gba ọwọ́ Bàbá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a sin wọ́n ni mo sọ fún màmá mi. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ, ohun tí máníjà fi lọ̀ mí, ohun tí mo fèsì, bí Túndé ṣe wá pè mí. Mo fi iṣẹ́ tí Bàbá rán sí ìgbẹ̀yìn. Màmá mi ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà, ó fi ẹ̀yìn ti àga, ó ní ọdún mẹ́rin ni òun fi ń kúnlẹ̀ kí bàbá òun, ọdún mẹ́fà ni òun fi ń retí gbólóhùn yẹn lẹ́nu wọn, Túndé ni wọ́n wá sọ ọ́ fún.

Mo ń retí kó bú mi. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bú mi. Ó kàn bi mí pé níbi tí mo wà lọ́jọ́ náà, báwo ló ṣe jìnnà sí yàrá wọn tó.

Mo ní àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni, Màmá.